Àjọkẹ́ Ni Ẹni Tó Dá Dúró

Muṣin ni mo ti ń bọ̀, Muṣin tí àwọn àgbà sọ fún wa pé igi iṣin tó pọ̀ níbẹ̀ láyé ijọ́un ló fún un lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá jáde lónìí láti wá igi iṣin kan ṣoṣo láti Ojúwòyè títí dé Ìdí-Òrò yóò rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wú, yóò sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ilé ti gba ibi tí igi wà. Ṣọ́ọ̀bù ti gba ibi tí ọmọdé ti ń sáré. Mọ́tò ti gba èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sórí rédíò lálẹ́ yìí kò ṣàìkan ilẹ̀ tó tán yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí eré ìdárayá kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín lè máà tíì wò rí ni n ó gbé e kà, èyíinì ni eré bádmíńtọ̀n, pàápàá ìgbésí ayé ẹni tó fi eré náà ṣe iṣẹ́ jẹun, tó sì ń dá a gbá láìní ẹnìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, bí mo ti ń ti ilé ìsìn bọ̀, mo ya àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Palm Avenue, mo sì bá àwọn ọmọdé bíi mẹ́fà tí wọ́n ta okùn ìsáṣọ láti ara òpó iná dé ara géètì ilé kan, tí àwọn méjì mú rákẹ́ẹ̀tì tí okùn rẹ̀ ti já lọ́wọ́, tí wọ́n ń gbá ṣọ́tù oníke kan síra wọn, tí àwọn yòókù sì ń ka ààmì bí ẹni pé ẹ̀mí wọn wà nínú ìṣirò náà. Mo dúró. Ọmọkùnrin tó wà lápá òsì, tí n kò rò pé ó ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ní ọrùn ọwọ́ kan tó rọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ bá sì ti ń retí ṣọ́tù náà, ibẹ̀ kọ́ ni yóò bọ́ sí. Àfi bí atẹ́gùn ti fẹ́ láti ìhà Ìdí-Àrába, ó gbé ṣọ́tù, ó di orí páànù ilé alájà kan, eré sì parí síbẹ̀. Gbogbo wọn gbójú sókè. Ọmọ náà yíjú sí mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ní igi gígùn nílé?” N kò ní igi gígùn. Mo bá tèmi lọ, ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ ọmọ náà lọ sílé, kò sì tíì kúrò lára mi di bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣọ́tù tí àwọn ògbóǹtarìgì ń gbá yàtọ̀ sí ti oníke àwọn ọmọ yẹn: ìyẹ́ 16 ni wọ́n gún yí orí kọ́ọ̀kì kékeré kan ká, ìyẹ́ ẹyẹ tó dà bíi pẹ́pẹ́yẹ, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò sì wúwo ju gíráàmù márùn-ún àti ààbọ̀ lọ. Síbẹ̀ náà, bí akọni bá là á mọ́lẹ̀ láti òkè, eré tó ń sá ju ti ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ gbéra nílẹ̀ ní Ìkẹjà lọ. Ọmọ Íńdíà kan tó ń jẹ́ Satwiksairaj Rankireddy là á ní ọdún 2023, wọ́n sì wọn ìyára rẹ̀ ní kìlómítà 565 ní wákàtí kan. Ohun tó lè yára tó báyìí, èémí lásán lè darí rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ti fèrèsé tí wọ́n sì ń pa fáànù níbi ìdíje, tí àwọn òǹwòran á máa làágùn lórí ìjókòó wọn láìráhùn. Eré bọ́ọ̀lù ń bẹ̀bẹ̀ fún pápá gbalasa. Eré yìí kò bẹ̀bẹ̀ fún un rárá. Òrùlé tó ga àti ògiri mẹ́rin tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé ni gbogbo ohun tó ń fẹ́. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn, n ó padà sórí rẹ̀.

Ènìyàn lè gbá a ní méjì-méjì, ó sì lè gbá a ní ẹnìkan sí ẹnìkan. Àwọn baba wa ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti tó, kó lọ wo ẹni tó ń dá gbá bádmíńtọ̀n. Ilẹ̀ tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ fẹ̀ ju mítà márùn-ún lọ, ó sì gùn tó mítà mẹ́fà àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Òun nìkan ni yóò sá dé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fò, yóò nà gbalaja, yóò tún dìde kí ṣọ́tù tó padà wá bá a. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá kọ́kọ́ ní ààmì 21 ló ń gba ìpele, ẹni tó bá sì gba ìpele méjì nínú mẹ́ta ló borí. Láti ọdún 2006 tí wọ́n ti tún òfin ṣe, àṣìṣe kan kò sí mọ́ tí kò ní iye, ẹni yòówù kó ṣí ṣọ́tù náà. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ní ààmì 11, wọ́n á fún wọn ní ìṣẹ́jú kan péré láti mu omi kí olùkọ́ sì sọ gbólóhùn méjì-mẹ́ta sí wọn létí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di òun àti orí rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá fìdí rẹmi, ẹni mọ́kànlá ló ń pín ẹ̀bi, olùṣọ́lé á ti í sọ́rùn àwọn ẹ̀yìn, àwọn ẹ̀yìn á ti í sọ́rùn iwájú. Ẹni tó dá gbá bádmíńtọ̀n tó pàdánù kò rí ẹni tí yóò tì í sí lọ́rùn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ akọni kan. Anúolúwapọ̀ Júwọ́n Ọpẹ́yọrí ni, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti ń dúpẹ́ kí ó tó jáde ogun, tí wọ́n bí ní ọdún 1997. Ní ọdún 2019, ìlú Port Harcourt gba àlejò gbogbo àwọn tó ń gbá bádmíńtọ̀n ní Áfíríkà, Ọpẹ́yọrí sì dá wọn lu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí adé ẹnìkan-sí-ẹnìkan ti àwọn ọkùnrin fi bọ́ sí i lórí. Kò pẹ́ rárá, nínú ọdún kan náà, ó gba wúrà níbi Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ní ilẹ̀ Mòrókò. Ó gba adé Áfíríkà yìí ní Kampala ní ọdún 2021, ó padà sí Kampala kan náà ní 2022 ó tún gbà á, ó sì gbà á ní Gúúsù Áfíríkà ní 2023. Adé tí ènìyàn gbà lẹ́ẹ̀kan, a lè sọ pé orí ló bá a ṣe é. Èyí tó gbà tó tún gbà, tí gbogbo ilẹ̀ dúdú ti mọ irú ìgbá tó ń gbá tí wọn kò sì rí i dá dúró, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ orí nìkan.

Ọkùnrin yìí lọ sí Òlíḿpíìkì ní Tokyo pẹ̀lú Godwin Olofua, wọ́n jọ gbá ti ẹlẹ́ni méjì. Ní ọdún 2024, ó lọ sí Paris, ó sì dá dúró fún ara rẹ̀. Kò kọjá ìpele àkọ́kọ́ ìdíje náà. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ ní ìdí tíì ní Muṣin pé kí ló wá lọ ṣe níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí, nítorí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ bí ènìyàn ṣe ń dé Paris. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àjọ bádmíńtọ̀n àgbáyé ní ìwé kan tí wọ́n ń to orúkọ àwọn tó ń gbá eré náà sí láti orí ẹni àkọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ 52, wọn a ka ìdíje mẹ́wàá tí ènìyàn ti ṣe dáadáa jù lọ, wọn a sì fi àròpọ̀ ààmì rẹ̀ mọ ipò rẹ̀. Ààmì tí ènìyàn sì gbà lóṣù kẹta ọdún yìí, bí oṣù kẹta bá yí po, ó ti dànù, bí iṣu tó jẹrà nínú àká. Ẹni tó bá ń gbé Yúróòpù lè wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ kó dé ibi ìdíje kó tó di alẹ́. Ẹni tó bá ń gbé Èkó ní láti wá ìwé ìwọ̀lú, kó dúró dè é, kí wọ́n má fún un nígbà mìíràn, kó san owó ọkọ̀ òfuurufú, kó san owó ilé ìtura, kó ra ṣọ́tù tí yóò fi múra sílẹ̀, kó sì lọ pàdánù ní ọjọ́ kìíní sí ẹni tó ti ṣe irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ nígbà ogún láàrin ọdún. Ojú tó ti rí òkun, kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù; ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń lọ wo òkun. Gbogbo ẹni tó bá dé Paris láti ọ̀dọ̀ wa ti borí nínú ìjà kan tí àwọn òǹwòran kò rí, kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ibi ìgbá rárá.

Láti Beijing ní ọdún 2008 ni Grace Daniel ti lọ dá dúró fún wa ní ti àwọn obìnrin, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò tilẹ̀ mọ̀ pé eré náà wà ní Òlíḿpíìkì. Ní Tokyo, ó kan Dorcas Àjọkẹ́ Adéṣọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ ọmọbìnrin yìí, nítorí orúkọ a máa sọ ohun tí ìwé ńlá kò lè sọ. Àjọkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Gbogbo wa tí a jẹ́ Yorùbá la mọ ohun tí ìyá ń wí nígbà tó bá ń pe ọmọ rẹ̀ ní Àjọkẹ́: kò wí pé èmi nìkan ni n ó kẹ́ ọ, ó ń pe bàbá ọmọ sí i, ó ń pe ẹ̀gbọ́n, ó ń pe ará ilé àti ará ọjà, pé ọmọ tí a jọ kẹ́ ni yìí. Mo wá rí i pé oríkì náà kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni láyé tó bí ó ti tọ́ sí ẹni tó ń dá gbá bádmíńtọ̀n. Òun nìkan ni ojú rí níbi ìgbá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ka àwọn tó gbé e débẹ̀, ẹni tó gbá ẹgbẹ̀rún ṣọ́tù sí i lójúmọ́, ẹni tó di ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tó san owó ọkọ̀, ẹni tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn, ilẹ̀ á kún.

Ní ilẹ̀ àwọn tí eré yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pàápàá, ìdágbá náà a máa korò. Lee Chong Wei ti ilẹ̀ Malaysia dé ìdíje àṣekágbá Òlíḿpíìkì ní 2008, ní 2012 àti ní 2016, fàdákà ni ó sì gbé bọ̀ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó wà lọ́kàn mi jù lọ ni ti Carolina Marín, ọmọ ilẹ̀ Spéìnì tó gba wúrà ní 2016. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún já ní 2019, ti òsì já ní 2021, kò sì lè lọ sí Tokyo. Ó tọ́jú ara, ó padà, ó dé Paris ní 2024, ó ti gba ìpele kìíní lọ́wọ́ He Bingjiao ti ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì ń ṣíwájú nínú ìkejì, ẹsẹ̀ kan ló kù kó dé ìdíje àṣekágbá, ni orúnkún ọ̀tún bá tún já. Ó wólẹ̀, ó ń sunkún, gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n pín ẹ̀bùn, He Bingjiao gun orí pèpéle láti gba fàdákà rẹ̀, ó sì gbé báàjì kékeré ilẹ̀ Spéìnì sókè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ayé lè mọ̀ pé ẹnìkan kò sí níbẹ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀tá orí pápá pàápàá bá wọn kẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin ará, nínú ọdún 2024 náà, Nàìjíríà ti Òlíḿpíìkì Paris dé láìní ẹ̀bùn kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ní ìpèníjà ara lọ sí ìlú kan náà, ẹ̀bùn méje ni wọ́n gbé bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Mariam Ẹniọlá Bọ́lájí, ọmọ ọdún 18 nígbà náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa. Òfin irú ìdíje tirẹ̀ ni pé ìdajì ibi ìgbá ni wọ́n ń lò, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ààyè láti fara pamọ́. Obìnrin ará Ṣáínà ti lù ú ní ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ìrẹ̀wẹ̀sì ì bá sì ti gbé dè ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, ó jáde pàdé Oksana Kozyna ti ilẹ̀ Ukraine fún ipò kẹta, ó gba ìpele kìíní ní 21 sí 9, ó sì gba ìkejì ní 21 sí 9. Idẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá bádmíńtọ̀n ní Òlíḿpíìkì, ti àwọn alára líle àti ti àwọn tó ní ìpèníjà, kò sí ọmọ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó gba ẹ̀bùn rí àfi ìgbà tí ọmọ Yorùbá yìí gbà á. Bí mo bá ní agbára, orúkọ rẹ̀ ni n bá kọ sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ gbogbo ní ilẹ̀ yìí.

Mo ṣèlérí pé n ó padà sí ọ̀rọ̀ òrùlé. A kò ṣe aláìní gbọ̀ngàn pátápátá ní ìhà tiwa. Pápá Ìṣeré Àpapọ̀ wà ní Sùúrùlérè, èyí tí wọ́n kọ́ fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ọdún 1973. Ní òdìkejì ọ̀nà, nínú ọgbà pápá tí wọ́n fi sọ orí Teslim Balógun, gbọ̀ngàn Mọládé Ọkọ̀yà-Thomas wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje Lagos International, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá bá wa gbá. Irú ìdíje yìí ṣe iyebíye ju bí a ti rò lọ, nítorí pé ààmì tí ọmọ wa ì bá fi owó rẹpẹtẹ wá kiri ayé, ó wá bá a nílé. Ọmọ tí kò ní ìwé ìwọ̀lú kankan yóò wọ dánfó lọ, yóò gbá a, orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ inú ìwé àgbáyé. Mo gbóṣùbà fún àwọn tó ń ṣe é, mo sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n láti Muṣin lọ sí Sùúrùlérè, bí kò tilẹ̀ jìnnà lójú àgbà, ọ̀nà jíjìn ni fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Ojúwòyè tí kò lè fi ọjà sílẹ̀ sìn ín lọ. Mo ti ṣe ọmọdé rí. Nígbà tí mo wà ní ìwọ̀n ọdún méjìlá, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ sí gbọ̀ngàn kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, a sì bẹ olùṣọ́ rẹ̀ pé kó jẹ́ ká wọlé gbá. Gbọ̀ngàn náà ṣófo. À ń wo ilẹ̀ rẹ̀ tó ń dán láti ojú géètì. Ó ní a máa bà á jẹ́, ó sì lé wa. A bá òòrùn padà. Ọ̀kan nínú wa, tó ní ọrùn ọwọ́ bíi ti ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú, kò tún mú rákẹ́ẹ̀tì mọ́ láti ọjọ́ náà. Iṣẹ́ páìpù ló kọ́, ó ṣe dáadáa nídìí rẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo máa ń ronú.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Muṣin kò ní pápá, kò sì ní rí pápá mọ́ láyé yìí, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Muṣin ní òrùlé. Mo rìn láti Mátórí lọ sí Fatai Atere Way ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì ń ka ilé ìkẹ́rù tí òrùlé wọn ga tó ti gbọ̀ngàn, tí ẹrù inú wọn kò tó ìdajì. A ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í sí ènìyàn nínú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. A ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń tì pa ní agogo méjì ọ̀sán. A ní gbọ̀ngàn ìnáwó tó jẹ́ ọjọ́ Sátidé nìkan ni ìlù ń dún níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin bàbá ìjọ, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin oníṣòwò Mátórí, ẹ̀yin ìyálóde ọjà tí ọ̀rọ̀ yín máa ń wọ àwọn ọlọ́lá létí, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín. Ibi ìgbá kan gùn ní mítà 13.4, ó sì fẹ̀ ní mítà 6.1, kò ju ibi tí bọ́ọ̀sì ńlá méjì lè dúró sí ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lọ púpọ̀. Àwọ̀n rẹ̀ kò ga ju mítà kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀, ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù, ẹ fún àwọn ọmọ ní wákàtí méjì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, kí àgbà kan jókòó tì wọ́n. Bí ẹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ilé iṣẹ́ rédíò yìí. Ọmọkùnrin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ Palm Avenue tí mo fẹ́ mú wá.